Dúdúyẹmí Inú Téèpù

Ọládòṣù gbẹ́nàgbẹ́nà kò lè jókòó síbi kan mọ́. Bó bá fi ìfági kan igi lẹ́ẹ̀mejì, a dìde. Bó bá dìde, a lọ sẹ́nu ọ̀nà, a wo ọ̀kánkán tẹ́ṣàn ọkọ̀ ojú irin, a sì padà wá bú igi náà bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìlẹ̀kùn tó yẹ kó ti gbẹ́ fún àwọn ará Alajue ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì lójú, kò tíì nímú. Àwọn tó ni ín ti wá wò ó títí, ó ti sú wọn.

Ọ̀rọ̀ téèpù kan ló fà á. Adébáyọ̀ télọ̀, tó ń ránṣọ lódìkejì ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀dèjì nítòsí tẹ́ṣàn, ló gbé e wá. Adébáyọ̀ yìí, bí wọ́n bá ní kó bá wọn pa ìṣáná mọ́, yóò kọ́kọ́ ṣá a wò ná. Ó ní Ayọ̀dèjì, ẹni tó ń ta rédíò àti àwo orin, ní téèpù kan lọ́wọ́ tí olóògbé Sàídì olórin kọrin sí kó tó kú, orin tí etí ayé kò tíì gbọ́. Ó ní ọ̀gá kan tó ń tẹ àwo ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbọ́ ọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀.

"Bọ̀dá Ọládòṣù, mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. 'Àpótí òfìfo' ni mo tún gbọ́ o."

Bí ẹ kò bá gbé Ẹdẹ nígbà náà, ẹ kò ní mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá Ọládòṣù àti bàbá Sàídì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, agboolé kan náà ni wọ́n sì bí ọmọ wọn sí. Ọládòṣù ló ṣáájú dáadáa. Òun ló ń gbé Sàídì kọ́ èjìká lọ sódò Ọ̀ṣun. Nígbà tí Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpàlà, Ọládòṣù ló ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agídìgbo, àpótí igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó to irin pẹlẹbẹ sí lójú, tó ń fi àtàǹpàkò ta. Ohùn Sàídì dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú. Láàárín ọdún mélòó kan àwo rẹ̀ ti dé Ìlọrin, ó ti dé Kánò. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó, kò pe Ọládòṣù ní "ìwọ" rí. "Ẹ̀yin" ni. "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ ta á sókè díẹ̀."

Àwọn ìyàwó ilé náà ní orúkọ tiwọn. Ẹ mọ bó ti rí nílẹ̀ wa: ìyàwó kì í fi orúkọ pe ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, orúkọ tó bá sì wù ú ni yóò fún wọn. Nígbà tí Sìmbíátù wá láti ìlú Awo wá fẹ́ Ọládòṣù, Sàídì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tí eyín rẹ̀ funfun báláú, Sìmbíátù sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Nígbà tó yá tí Kúlúsúmù wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Sàídì, òun náà wo Ọládòṣù, tó dúdú bíi kóró iṣin, ó sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Inú ilé nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ará ìta kì í mọ̀ ọ́n.

Ìjà dé lọ́dún 1957. Sàídì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré ìgbéyàwó kan ní ìlú Ara, wọ́n retí Ọládòṣù títí, wọn ò rí i. Eré náà ò dùn tó bó ṣe yẹ, àwọn tó ni ìyàwó sì kùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí kì í fẹ́ kí nǹkan tutù lọ sọ fún Sàídì pé àwọn olórin Òṣogbo kan ti tan Ọládòṣù lọ. Nígbà tí wọ́n fojú kanra, Sàídì bi í pé ibo ló wà.

"Ilé ni mo wà," ni Ọládòṣù wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni, ilé ló wà. Ọjọ́ náà ni oyún bà jẹ́ lára Sìmbíátù. Oyún oṣù márùn-ún ni, òun nìkan ló sì dúró dé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. A kì í ka oyún fún ayé. Wọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà, báwo ni wọ́n ṣe máa wá sọ pé ó ti lọ? Ọládòṣù fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fọwọ́, ó wọlé wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Kúlúsúmù nìkan ló rí aṣọ tí wọ́n sá lọ́jọ́ náà. Obìnrin mọ ohun tó rí. Òun náà sì panu mọ́.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, àwo tuntun jáde. Ohun tí Sàídì kọ síbẹ̀ rèé:

Àpótí òfìfo, ta ló gbé ọ kalẹ̀?
Ariwo lásán, kò sí nǹkan nínú rẹ.

Gbogbo Ẹdẹ mọ ẹni tó ń bá wí. Ta ló tún ń gbé àpótí kiri? Bí Ọládòṣù bá ń kọjá lọ, ẹnìkan yóò fọn ọ́n lẹ́nu, ẹnìkan yóò gbè é. "Ọ" inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dun Ọládòṣù: ọmọ tó gbé kọ́ èjìká ń fi "ọ" pè é lójú Kánò àti Ìlọrin. Ṣùgbọ́n èyí tí Sìmbíátù gbọ́ yàtọ̀. Obìnrin tí kò tíì bímọ, tí wọ́n ń kọ àpótí òfìfo sí ilé rẹ̀, kí ni kó rò? Àwọn aládùúgbò náà sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jà, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta òrí fi ọwọ́ gbá ikùn ara rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó kọ orin náà, ó rẹ́rìn-ín. Sìmbíátù palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, ó wálé. Láti ìgbà náà kò pe Sàídì ní Eyínfúnjowó mọ́. "Olórin yẹn" ló ń pè é.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọládòṣù gbé agídìgbo kọ́ ara ògiri. Òun àti Sàídì ń gbé inú agboolé kan, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde, wọn ò kíra. Sàídì náà ò sì mú ẹlòmíràn síbi agídìgbo. Àyè náà ṣófo bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ìparí ọdún 1959 dé, tí òtútù àyà gbé Sàídì lọ, Ọládòṣù ló rẹ́ pákó tí wọ́n fi bo sàréè rẹ̀. Ó fá a títí ó fi ń dán, bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún ọba. Kò sunkún. Àwọn ìyàwó ilé ń ké, oníkálukú ń fi orúkọ tó fún olóògbé pè é. Sìmbíátù jókòó láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ wá rí i pé nígbà tí Adébáyọ̀ sọ pé àpótí òfìfo kejì wà nínú téèpù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ló sọ. Kò sì sọ ọ́ létí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnu Adébáyọ̀ kì í dúró sílé oníbàárà kan. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dé ọjà. Sìmbíátù ń ro òrí nínú ìkòkò nígbà tó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́.

"Ọkọ mi, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èkíní, mo fara dà á. Bí àwo kejì bá jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, ilé bàbá mi ní Awo ni ẹ ó ti wá mi. N kò bínú sí yín o. Ojú ọjà ni n kò lè rìn mọ́."

Kò pariwo. Ó ń ro òrí rẹ̀ lọ. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún Ọládòṣù.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀ràn. Ẹbí ti sọ ọ́ títí pé kí Ọládòṣù fẹ́ ìyàwó kejì, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ilé òun kún. Ó kún lóòótọ́. Sìmbíátù ló kún un. Bí Sìmbíátù bá wá kó ẹrù rẹ̀, kí ni yóò kù níbẹ̀ bí kò ṣe ohun tí orin wí?

Inú ìrònú yìí ló wà tí Ayọ̀dèjì fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Ayọ̀dèjì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bẹ rédíò kó tó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn orin tí Sàídì ṣe gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á sí téèpù, òun ló sì ń bá àwọn tó ń tẹ àwo ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ọ̀gá Olúmúyìwá ti dé láti Ìbàdàn. Orin Sàídì kan wà tí kò ní ìlù, tí kò ní ẹlégbè, ohùn rẹ̀ nìkan ni. A fẹ́ kí agídìgbo wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n..."

"Mo ń bọ̀," ni Ọládòṣù wí.

Ayọ̀dèjì ti múra ẹ̀bẹ̀ gígùn sílẹ̀. Kò mọ ibi tó máa kó o sí mọ́. Ó dúpẹ́, ó sáré lọ kí ọkùnrin náà má bàa yí ọkàn padà.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bí Ayọ̀dèjì ti lọ tán, Ọládòṣù gbé agídìgbo sọ̀ kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gbẹ́ ojú igi, ó sọ ọ́ sápò. Ó ti rí téèpù rí: okùn pẹlẹbẹ kan ni, tín-ín-rín, tó pupa rúsúrúsú, tó ń ti ara àgbá kan wé mọ́ ìkejì. Ọ̀bẹ tó ń gbẹ́ ìrókò, kí ni okùn fẹ́ fi ṣe? Ó ti gbà á lọ́kàn pé òun yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú wọn. Kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Kí wọ́n pe ọba pàápàá. Sìmbíátù kò ní lọ sí Awo.

Ọ̀gá Olúmúyìwá jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tí kì í tẹ́tí sí nǹkan láìgbọn ẹsẹ̀. Ó ti to ẹ̀rọ méjì sórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ Ayọ̀dèjì sì ń hó lẹ́yìnkùlé. Ó wo Ọládòṣù, ó wo agídìgbo rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ná."

Ọládòṣù jókòó sí ẹ̀bá ẹ̀rọ gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lápò.

"Ọjọ́ tó kọ èyí," ni Ayọ̀dèjì ń sọ bó ti ń yí bọ́tìnnì, "òun nìkan ló wá, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ fi ohùn òun dán ẹ̀rọ wò. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde títí agídìgbo yóò fi wọ̀ ọ́. Mo bi í pé ta ló máa ta á. Ó ní ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀."

Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ewúrẹ́ kan ké lókèèrè. Lẹ́yìn náà Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí ìṣáná lu tábìlì, ko-ko-kò, ko-ko-kò, Ọládòṣù sì mọ ìlù náà, torí òun ló kọ́ ọ ní ìlù náà létí odò. Ohùn dé. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, àìsàn ti fá a, ṣùgbọ́n ohùn Sàídì ni.

Àpótí òfìfo...

Ọládòṣù dìde. Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ ti jáde lápò, ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, Ayọ̀dèjì sì rí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà na ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyá tó bo ọmọ. Kí Ọládòṣù tó ti ọwọ́ náà kúrò, Sàídì ti mí, ó ti bọ́ sí ìyókù.

...ẹnu mi ni.
Ẹnu tó sọ tí kò bèèrè, òfìfo ni.

Dúdúyẹmí, ẹ má wo tẹnu mi,
Dúdúyẹmí, ẹ wá gbọ́ tinú mi.
Ọjọ́ tí mo retí yín tí n ò rí yín,
Òjò ló pa yín nílé, èmi ò mọ̀.

Àlejò tó yà, tí ò jókòó,
Ọ̀nà tó bá lọ, á bá a padà wá.
Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀, ẹ bá mi kí i:
Ìyá Àlejò, ẹ kú ìrọ́jú.

Orin dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n páálí ìṣáná ń lù lọ, bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn kó wọlé. Nínú àyè yẹn, Sàídì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ó kù sọ́wọ́ yín." Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, téèpù sì parí.

Ọládòṣù dúró gbagidi. Ọ̀bẹ ti padà sápò rẹ̀, kò mọ ìgbà tó sọ ọ́ síbẹ̀. Ó mọ ẹni tí "ẹ" yìí wà fún. Láti ọdún tí ìjà ti dé, kò sí ohun tó wù ú gbọ́ lẹ́nu Sàídì bí "ẹ" yìí, òun sì rèé, ó dé, ó dé nígbà tí ẹni tó ni ẹnu ti wà lábẹ́ pákó tí òun fọwọ́ ara òun fá. Ọ̀fọ̀ tí kò ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a láyà. Ó wá yé e, ìdí tí Sàídì kò fi dárúkọ òun. Bó bá pe Ọládòṣù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlejò tí ò jókòó, gbogbo ayé ni yóò mọ ohun tí wọ́n sin sẹ́yìnkùlé. Ó lọ mú orúkọ tó jẹ́ inú ilé nìkan ló ń gbé, ó fi bo àṣírí wọn.

"Ó dáa," ni Olúmúyìwá wí, ó ń gbọn ẹsẹ̀. "Orin ìfẹ́ ni. Àwọn èèyàn á fẹ́ràn rẹ̀. Kìkì pé ohun kan ò yé mi. Obìnrin wo ni ọkùnrin ń fẹ́ tó ń pè é ní ẹ̀yin?"

Ayọ̀dèjì ronú. "Bóyá obìnrin náà jù ú lọ."

"Háà! Ìyá olówó ni!" Olúmúyìwá pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. "Dúdúyẹmí, ìyá olówó. Àwo náà ti tà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú àwo kan ò lè gbà á tán, iṣẹ́jú mẹ́ta ni. Tí agídìgbo bá tún wọ̀ ọ́, apá kan gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ ká gé ti àlejò yẹn. Ta ló mọ àlejò? Kí ló kan ìyá àlejò nínú orin ìfẹ́?"

"Rárá," ni Ọládòṣù wí.

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Bí ẹ bá gé ìyẹn, n kò ní ta á."

"Kí ló dé?"

Kí ni kó sọ? Bó bá sọ ìdí, ó ti tú Sìmbíátù síta fún àlejò Ìbàdàn àti fún Adébáyọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà, tí etí rẹ̀ gùn ju ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ lọ. Ó wo agídìgbo, ó ní ibẹ̀ ni agídìgbo ti máa wọlé, pé irin òun kò lè wọ ibòmíràn. Irọ́ gbuu ni. Irin rẹ̀ lè gba ojú fèrèsé wọlé tó bá wù ú.

Olúmúyìwá mí kanlẹ̀. "Tí kò bá jẹ́ ti ìparí, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ká gé 'àpótí òfìfo, ẹnu mi ni.' Kò tiẹ̀ yẹ kí gbajúmọ̀ máa bú ẹnu ara rẹ̀."

Nígbà yìí ni Ayọ̀dèjì ta gìrì. Ó fa Ọládòṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, ẹ má gbà. N kò mọ ẹni tí í ṣe Dúdúyẹmí, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tó fi àpótí òfìfo bú. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ló máa wẹ̀ yín mọ́ lójú ìlú. Tó bá jáde, ẹnikẹ́ni ò tún ní kọ ọ́ sí yín. Tí wọ́n bá gé e, ó tán nìyẹn o."

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ kí nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó máa ń lá a. Kó máa lọ ní ọ̀nà ọjà, kí ẹnu àwọn tó ń fọn ọ́n pa dé. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ, ó tún padà. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ tó palẹ̀ igbá mọ́ lọ́jà, ó rántí pé láti ọjọ́ tí òun ti gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, kò sí ẹnì kan, àní ẹnì kan péré, tó kí Sìmbíátù kú ìrọ́jú.

"Ẹ gé ti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí.

Ó jókòó, ó gbé agídìgbo lé itan. Wọ́n tẹ ẹ̀rọ. Nígbà tí ohùn Sàídì kí Ìyá Àlejò tán, tí páálí ìṣáná ń dúró, Ọládòṣù wọlé. Omijé ń kán sórí irin, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún, ó ń ta á lọ. Olúmúyìwá pàápàá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Bí wọ́n ti parí, Ayọ̀dèjì fi sísọ́ọ̀sì gé ìbẹ̀rẹ̀ téèpù náà. Kò jù ú nù. Ó ká a sí ọwọ́ Ọládòṣù. Ọládòṣù gba inú ihò àpótí agídìgbo rẹ̀ tì í wọlé, ó sì gbé e lọ sílé.

Kó tó wọ yàrá tirẹ̀, ó ya ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù. Opó náà ti mọ ohun tó bá wá. "Èmi ni mo sọ fún un, Dúdúyẹmí," ló wí. "Orí àìsàn ló wà. Ó kọjú sógiri, kò jẹun. Bílẹ̀ ti mọ́, ó dìde, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Ayọ̀dèjì. Ó ní bí òun bá wá bá yín lẹ́nu lásán, ẹ kò ní dáhùn."

Òótọ́ ló sọ. Ọládòṣù kì bá tí dáhùn.

Àwo náà jáde lẹ́yìn òmìnira, tí àsíá tuntun ṣì ń fẹ́ níwájú àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ayọ̀dèjì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, Dúdúyẹmí sì gba ìlú. Kí ni Ẹdẹ ò sọ tán! Wọ́n ní ìyá olówó kan ní Òṣogbo ni. Àwọn mìíràn ní rárá, ará Ìwó ni. Obìnrin bíi mẹ́ta ló ti fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ni, ọ̀kan nínú wọn sì pupa bí epo. Ọládòṣù ń kọjá láàárín wọn pẹ̀lú igi lórí, dúdú bíi kóró iṣin, ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ṣì ń fọn àpótí òfìfo sí i. "Nǹkan wà nínú rẹ̀ o," ló máa ń dá wọn lóhùn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Sìmbíátù ni kò tíì sọ ohun tó wà nínú orin náà fún. Lójoojúmọ́ ló ń fẹ́ sọ ọ́. Bó bá yanu, omi mímu ni yóò béèrè. Wọn ò tíì fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà láàárín ara wọn rí, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó tún di ẹni tí kò lè jókòó. Ìlẹ̀kùn àwọn ará Alajue, ó gbẹ́ ẹ tán, ó tún un gbẹ́, ó wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, Sìmbíátù wọ agboolé pẹ̀lú igbá òrí lórí. Kò tà á tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Oòrùn ti yọ́ òrí náà, ó ń ṣàn wá sí ẹ̀bátí rẹ̀. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ta agídìgbo yẹn. Mo mọ àtàǹpàkò yín."

"Èmi ni."

"Ta ló sọ fún un?"

"Èmi kọ́. Kúlúsúmù rí aṣọ wa lọ́jọ́ yẹn."

Sìmbíátù mi orí díẹ̀, igbá náà mì pẹ̀lú rẹ̀. "Obìnrin tó gbá ikùn sí mi lọ́jọ́ sí, òun ló ń lé e lọ́jà. Ó ń jó, ó kọjú sí mi, ó ń kọ ọ́: 'Ìyá Àlejò, ẹ kú ìrọ́jú.' Gbogbo wọn ń gbè é. Gbogbo ọjà ló kí mi lónìí, wọn ò mọ̀. Mo ń dá wọn lóhùn nínú. Mo ń sọ pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun."

Omijé rẹ̀ àti òrí ń ṣàn pọ̀. Ó yíjú sí ọ̀kánkán yàrá tí Sàídì ń gbé, níbi tí Kúlúsúmù dúró sí lẹ́nu ọ̀nà tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Eyínfúnjowó," ló pè, ohùn rẹ̀ jáde dáadáa. "Ọkọ mi kékeré. Mo gbọ́ o. Mo ti jẹ́ kó lọ."

Ọládòṣù kò mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó jókòó.

"Bàbá Àlejò," ni Sìmbíátù wí, "ẹ wá sọ̀ mí, ẹrù yìí wúwo."